Rẹ́kọ́ọ̀dù Bàbá, CD tàbí Orin Orí Ayélujára: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé

Lẹ́tà mẹ́ta ló wọlé sí wa lórí gbígbọ́ orin nínú ilé, láti Àbújá, Kàdúná àti Zaria. A pa wọ́n pọ̀ nítorí pé ìdáhùn ọ̀kan ń la èkejì lọ́yẹ.

Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Kubwa ni mò ń gbé, níhìn-ín ní Àbújá. Nígbà tí bàbá mi di olóògbé ní Abẹ́òkúta, àwọn àbúrò mi ní kí n máa kó àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù wọn lọ, nítorí pé èmi ni mo máa ń jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń gbọ́ ọ. Páálí mẹ́rin ni: Yusuf Ọlátúnjí, Àyìnlá Ọmọwúrà, Hárúnà Ìṣọ̀lá, Ebenezer Obey, Sunny Adé, àti àwọn àwo àtijọ́ kan tó wúwo, tí orin kan ṣoṣo wà lójú kọ̀ọ̀kan wọn. N kò ní ẹ̀rọ tí mo lè fi lù wọ́n. Owó ọwọ́ mi kò ju kí n ra nǹkan kan lọ: bóyá ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù tòkunbọ̀, bóyá ẹ̀rọ CD, tàbí kí n máa san owó oṣooṣù fún orin orí ayélujára. Ọmọ mi ọkùnrin sọ pé kò sí orin tí kò sí lórí fóònù mọ́. Ìyàwó mi sọ pé eruku ọyẹ́ nìkan ni àwọn páálí náà ń kó jọ. Iná àdúgbò wa kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, jẹnẹrétọ̀ kékeré la sábà máa ń lò. Kí ni kí n ṣe?
*Òǹkàwé yín ní Kubwa*

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá, Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ jẹ́ kí n ti orí ọ̀rọ̀ ọmọ yín bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ìyókù dúró lé. Kì í ṣe òótọ́ pé gbogbo orin ti wà lórí fóònù, pàápàá jù lọ orin àwọn àgbà tí ẹ dárúkọ wọ̀nyí. Yusuf Ọlátúnjí jáde láyé ní ọdún 1978, Àyìnlá Ọmọwúrà ní ọdún 1980. Ọdún 1982 ni Sony àti Philips tó gbé CD jáde sọ́jà fún ìgbà àkọ́kọ́, ní ilẹ̀ Japan. Kò sí orin kankan, nígbà náà, tí àwọn méjèèjì kọ pẹ̀lú CD lọ́kàn, áńbọ̀sì fóònù. Rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ohun tí ẹ bá gbọ́ láti orí ayélujára lónìí, àdàkọ ni, gbogbo iyì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ibi tí wọ́n ti dà á kọ. Bí ó bá jẹ́ pé inú téèpù àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ fi gba orin náà sílẹ̀ ni wọ́n ti dà á, ohùn rẹ̀ lè mọ́ ju ti rẹ́kọ́ọ̀dù Bàbá lọ. Bí ó bá jẹ́ pé inú kásẹ́ẹ̀tì tó ti gbó ni, kò sí iye owó oṣooṣù tó lè dá ohun tó ti sọnù padà. Nínú sákárà àti àpàlà, irú kejì yìí ni mo máa ń bá pàdé jù: wọ́n á ṣi orúkọ orin pè, wọ́n á kọ ọdún tí kì í ṣe tirẹ̀ sí i, nígbà mìíràn wọ́n á gé e kí onílù tó parí ọ̀rọ̀ ẹnu ìlù rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ta páálí yín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó wọn dà nù.

Ohun mìíràn tún wà nínú àwọn àwo náà. Kí àwo gígùn tí à ń pè ní LP tó dé ní ọdún 1948, ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù kì í gbà ju orin bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lọ. LP ló mú kí ojú kan lè gba ogún ìṣẹ́jú àti díẹ̀ sí i. Àwọn olórin jùjú wa lo àǹfààní yẹn bí ó ti tọ́ àti bí ó ti yẹ: wọ́n á bẹ̀rẹ̀ orin kan, wọ́n á gba ibẹ̀ bọ́ sí òmíràn, wọ́n á ki ẹni yìí, wọ́n á sàdúà fún ẹni tọ̀hún, ìlù kò sì ní dúró títí ojú àwo yóò fi tán. Ẹni tó bá ń gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ lórí rẹ́kọ́ọ̀dù yóò jókòó tì í ni, nítorí pé dandan ni kí ó dìde yí ojú àwo padà. Mo gbà pé ohun tí ẹ ń wá gan-an nìyẹn, nítorí pé ẹ ti sọ bí ẹ ti ń jókòó ti Bàbá.

Síbẹ̀, n kò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ ra ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù lóṣù yìí. Ìdí ni pé èyí tí owó yín lè ká báyìí lè jẹ́ irú tí yóò ba àwọn àwo náà jẹ́, bíbàjẹ́ tí kò sì ní àtúnṣe ni. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ máa ń tọ kòtò tín-ín-rín tí wọ́n gbẹ́ sójú àwo. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ní láti mọ orin ni pé kí ó fara kan ògiri kòtò yẹn. Ẹ̀rọ tó dára máa ń jẹ́ kí abẹ́rẹ́ tẹ àwo pẹ̀lú ìwúwo bíi gíráàmù kan àbọ̀ sí méjì àbọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó dà bí àpótí ìrìn-àjò, tí sípíkà wà nínú wọn, ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gíráàmù márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí abẹ́rẹ́ bá tún ti gbó, ńṣe ni yóò máa fá ohùn orin kúrò lára àwo nígbà gbogbo tí ẹ bá lù ú.

Ọ̀rọ̀ iná tún ń bẹ, ibẹ̀ sì ni tiwa níhìn-ín fi yàtọ̀. Àwọn kan nínú ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí ẹ máa rí ní Wuse tàbí Garki ló ti Amẹ́ríkà wá. Fóòtì 120 ni iná wọn níbẹ̀, nǹkan bíi 230 ni tiwa. Ẹni tó ń tà á yóò ní kí ẹ ra step-down, ẹ̀rọ tó ń dín fóòtì iná kù, kò sì purọ́, ẹ̀rọ náà kò ní jó. Ohun tí step-down kò lè yí padà ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní Hertz. Tiwọn jẹ́ 60, tiwa jẹ́ 50. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ló jẹ́ pé iye yẹn gan-an ni mọ́tò kékeré inú wọn fi ń mọ bí yóò ti sáré tó. Bí wọ́n bá ṣe irú rẹ̀ fún Amẹ́ríkà, tí wọn kò sì tún un tò fún iná wa, àwo tó yẹ kó yípo ní ìgbà 33 àti ìdámẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan yóò yípo bíi 28 péré, ohùn Ọmọwúrà yóò sì wálẹ̀ di ohùn ẹni tí oorun ń kùn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé Hertz rẹ̀ kì í dúró sójú kan: bí ẹnikẹ́ni bá tan fìríìjì, orin yóò fà, bí ó bá pa á, orin yóò sáré. Ẹ̀rọ tí ẹ nílò ni èyí tó ń lo iná DC, irú iná bátìrì, tàbí irú tí wọ́n ń pè ní direct drive, tí mọ́tò ń yí àwo tààrà, tó sì ní quartz tó ń ṣọ́ eré rẹ̀ nínú. Àwọn wọ̀nyí kò wojú Hertz kí wọ́n tó yípo. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè irú mọ́tò tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì yí i padà ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á kò bá jẹ́ kí ẹ yí i padà, ẹ kúrò níbẹ̀.

Kí wá ni kí ẹ ra? Amplifier, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè fún sípíkà, tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé àti sípíkà méjì tó dára. Mo mọ̀ pé kò sí nínú mẹ́ta tí ẹ kà sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò gbà kọjá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín sípíkà rere àti sípíkà burúkú pọ̀ fíìfíì ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ́kọ́ọ̀dù àti CD lọ. Ẹ wá amplifier tí wọ́n kọ Phono sí ibì kan lẹ́yìn rẹ̀. Iná tó ń ti abẹ́rẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù jáde kéré gan-an, kò ju ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì kan lọ, nígbà tí ti ẹ̀rọ CD lè tó fóòtì méjì. Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, tí wọ́n sì gbé tòkè sókè nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ àwo, kí kòtò má bàa fẹ̀ jù. Ojú Phono yẹn ló máa ń gbé ohùn náà sókè, tó sì ń dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe yẹ. Ní báyìí ná, ẹ fi wáyà so fóònù yín mọ́ ọn, kí ẹ máa gbọ́ Obey àti Sunny Adé, tí àdàkọ orin wọn tó mọ́ wà dáadáa lórí ayélujára. Kí ẹ máa fi owó pamọ́ fún ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù gidi.

Kí ó tó dé, iṣẹ́ wà fún yín lórí àwọn páálí náà. Ẹ tò wọ́n ní òró bí ìwé nínú pẹpẹ. Àwo tí wọ́n bá tò jọ lélẹ̀ yóò tẹ̀. Ẹ gbé wọn jìnnà sí fèrèsé, nítorí pé ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin ní Àbújá tó láti ká àwo tí oòrùn bá ń pa, ẹ má sì fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Òótọ́ ni ìyàwó yín sọ nípa ọyẹ́. Atẹ́gùn tó gbẹ máa ń mú kí iná kékeré dúró sójú àwo, irú iná tó ń ta wá lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń bọ́ aṣọ lóṣù kìíní, iná yìí sì ni ó ń fa eruku mọ́ ọn. Bí ẹ bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ẹ̀ ń pọ̀ ọ́n sí i ni. Aṣọ múlọ́múlọ́ tí ẹ fi omi distilled rin díẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì máa nù ún yípo bí kòtò ti lọ. Irú omi yìí ni wọ́n ń tà fún bátìrì inverter káàkiri ìlú, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, nítorí pé ásíìdì wà nínú òmíràn tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àwọn tó wúwo tí orin kan wà lójú kọ̀ọ̀kan, ó dá mi lójú pé àwo 78 ni wọ́n, èyí tó ń yípo ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan. Shellac ni wọ́n fi ṣe wọ́n, kì í ṣe rọ́bà bíi ti LP, nítorí náà wọ́n máa ń fọ́ bí ìgò bí wọ́n bá já bọ́. Ẹ má fi ọtí spirit kàn wọ́n láé, yóò yọ́ ojú wọn. Abẹ́rẹ́ LP kò bá wọn mu, nítorí pé kòtò tiwọn fẹ̀ jù. Wọ́n nílò abẹ́rẹ́ tiwọn àti ẹ̀rọ tó lè yípo ní 78. Àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà láti bá yín gbà sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Olóòtú, mo kí yín láti Kàdúná. Èmi kò fẹ́ràn wàhálà rẹ́kọ́ọ̀dù, CD ni tèmi láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì ní ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń fò, òmíràn kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní CD ti kú, pé kí n jù wọ́n nù. Ṣé lóòótọ́ ni?
*Ìyá àgbà kan ní Kàdúná*

Ìdáhùn: Ẹ kú àárọ̀ o, Mà. Ẹ má jù ú nù. Ní tèmi, fún ilé kan ní òkè Ọya, tí eruku wà, tí dátà wọ́n, tí iná ń ṣe ségesège, CD ni ó yẹ ká máa bọ̀wọ̀ fún jù lọ, àwọn èèyàn kàn ti fojú rénà rẹ̀ ni. Kò sí ohun tó ń fara kàn án nígbà tó ń kọrin àfi ìmọ́lẹ̀, nítorí náà lílù kì í gbó o. Hertz jẹnẹrétọ̀ kò kàn án. Ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n wọn ohùn orin tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, ìyẹn sì gba gbogbo ohùn tí etí ọmọ ènìyàn lè gbọ́.

Kí ẹ tó dá CD lẹ́bi, ẹ wo ojú ẹ̀rọ. Bí ọ̀pọ̀ CD bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ ni mo máa ń fura sí. Dígí kékeré kan wà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, eruku ọyẹ́ Kàdúná sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Oníṣẹ́ tó mọ ojú iṣẹ́ lè fi òwú àti spirit díẹ̀ nù ún láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ máa fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà bí ẹ kò bá lò ó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yí àwọn tí kò sọ̀rọ̀ mọ́ padà, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ wọn. Bí ó bá funfun bí fàdákà, ilé iṣẹ́ ló tẹ̀ ẹ́, ó sì yẹ kó pẹ́. Bí ó bá ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró tàbí àwọ̀ àlùkò, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi dà á kọ. Aró inú rẹ̀ ni orin wà, ooru àti oòrùn sì máa ń pa á. Ọ̀pọ̀ CD tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà jẹ́ irú èyí. Àwọn yẹn ni kí ẹ yára gbà là. Bí CD bá dọ̀tí, ẹ nù ún ní títọ́ láti àárín bọ̀ sí etí, ẹ má nù ún yípo bíi rẹ́kọ́ọ̀dù, nítorí pé yípo ni orin wà nínú rẹ̀; ìhọ tó bá dábùú ọ̀nà orin, ẹ̀rọ lè fò ó kí ó sì dí àlàfo rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá tọ ọ̀nà orin lọ yóò pọ̀ jù fún un. Ẹ sì máa ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ orúkọ sí, ju ojú rẹ̀ lọ. Ìpele tó ń dán bí fàdákà tó mú orin dúró kò jìnnà sí ẹ̀yìn yẹn rárá, bírò tó ṣóńṣó nìkan tó láti ba á jẹ́.

Mo bẹ̀ yín, ẹ ní kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ yín tó ní kọ̀ǹpútà kó gbogbo wọn sórí flash gẹ́gẹ́ bíi FLAC, kì í ṣe MP3. FLAC máa ń pa gbogbo ohun tó wà nínú CD mọ́ láìyọ nǹkan kan kúrò. Flash 64 GB kan lè gba CD tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹ ṣe méjì, kí ọ̀kan wà ní ilé ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin Olóòtú, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Zaria. Orí fóònù nìkan ni mo ti ń gbọ́ orin, dátà sì ń pa mí. Ṣé ó yẹ kí n máa san owó oṣooṣù, ṣé ó sì yẹ kí n yan ohùn tó ga jù?
*Òǹkàwé yín ní Zaria*

Ìdáhùn: Bí ó bá jẹ́ pé orin tuntun lẹ fẹ́ràn, ẹ wà lójú ọ̀nà tó tọ́. Orin àwọn ọ̀dọ́ òde òní, orí ayélujára ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ jáde, kò sì sí ìdí tí ẹ fi máa wá CD wọn kiri. Boomplay ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2015, Spotify dé ní 2021, ẹ̀dínwó sì máa ń wà fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn kan nínú wọn, ẹ wádìí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ní ti dátà, ìṣirò rẹ̀ kò le. Orin tó ń wọlé ní 96 kilobit láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan yóò jẹ bíi 43 MB ní wákàtí kan. 160 yóò jẹ 72 MB. 320 yóò jẹ 144 MB. Orin tí wọn kò yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀, bí èyí tí Apple Music bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní 2021, lè jẹ 300 MB sí 450 MB ní wákàtí kan. Lórí ìgbọ́hùn-etí olówó díẹ̀, bóyá ni ẹ máa mọ ìyàtọ̀ láàárín 160 àti 320, ṣùgbọ́n 96 máa ń jẹ́ kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo dà bí ìgbà tí omi ń dà sórí páànù. Ẹ yan 160. Àwọn tó ń fi fídíò YouTube gbọ́ orin ni mo káàánú jù, torí wọ́n ń fi dátà ra àwòrán tí wọn kò wò.

Ohun tó máa mú kí owó oṣooṣù tó bẹ́ẹ̀ níye lórí ni pé ó ń jẹ́ kí ẹ gba orin sílẹ̀ sórí fóònù níbi tí Wi-Fi bá wà, kí ẹ sì máa gbọ́ ọ láìlo dátà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé kì í ṣe tiyín. Ọjọ́ tí ẹ bá dáwọ́ owó dúró, orin tí ẹ gbà sílẹ̀ kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́dọ̀ Spotify, ẹ tún gbọ́dọ̀ wọ orí ayélujára ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín 30 ọjọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò tì í. Bí adéhùn láàárín áàpù àti ilé iṣẹ́ olórin bá sì parí, wọ́n lè yọ orin kúrò láìsọ fún yín. Àwo tí ẹ bá fẹ́ràn débi pé ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbọ́ ọ, ẹ rà á ní CD tàbí kí ẹ san owó rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta fáìlì rẹ̀ gan-an.

Bí ẹ bá so fóònù mọ́ sípíkà nínú yàrá, wáyà ni kí ẹ lò tí ihò rẹ̀ bá wà. Bluetooth máa ń tún orin fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó fi í ránṣẹ́, nítorí náà ẹ̀dà ẹ̀dà ni ẹ ó máa gbọ́.